Ọjọ́ tí a to korobá sórí ìlà ìbò ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bí a ṣe ń dìbò kí ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka ọwọ́ wò tó dé, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré sílẹ̀ fún wa, wọ́n sì ní a kò ní fi ìwé dìbò mọ́. Wọn yóò gbé àwòrán àwọn tó ń du ipò kọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ bá yàn, ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ ni wàá tò sí lójú gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ ìdìbò yóò wá máa ka orí yín sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé orí ẹni ìkẹyìn. Àwọn kan ń sọ lóde òní pé irú ìbò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jí. Mo máa ń rọra sọ fún wọn pé ó ṣeé jí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jí tiwa.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó. Ìkìrun ni mo ti wá. Ará ìjọ wa kan ló bá bàbá mi wá yàrá fún mi ní Ajégúnlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni apá wa ká. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà, mẹ́rin kojú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì là wọ́n láàárín. Bí ọbẹ̀ bá jóná ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá kẹjọ ló máa kọ́kọ́ pariwo.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà ilé láràárọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe wò mí títí, ó ní, "Sísí, wetin you want? Mi ò lówó lọ́wọ́ o." Ojú tì mí, mo dìde. Obìnrin kan tó ń gbé yàrá tó kojú sí tèmi bú sẹ́rìn-ín.

"Dá a lóhùn jẹ́jẹ́," obìnrin náà wí fún mi. "Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún un rí ní Èkó. Ẹ̀rù ló bà á."

Bí mo ṣe mọ Màmá Tàrí nìyẹn. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ láti etí odò ni wọ́n, opó ni wọ́n, ẹja ni wọ́n ń yan lẹ́yìn ilé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní, Tàrí, ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò ló kọ́ wọn ní Yorùbá, wọn kì í sì í pààlà láàárín rẹ̀ àti Píjìn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń kọ́, wọ́n sọ mí ní Tíṣà lójú ẹsẹ̀, kí n tó kọ́ ọmọ kankan. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní ìlú ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé inú rẹ̀, kò sì sí olùkọ́ tó máa kọ ìyẹn sójú pátákó fún un. Mo kọ́ bí a ṣe ń kàwé láàárín rédíò mẹ́ta. Mo kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè márùn-ún kí n tó dé ìloro. Síbẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí àárò ilé máa ń sọ mí, tí mo máa ń dorí kodò sórí tábìlì mi. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Màmá Tàrí kì í bi mí ní ohunkóhun. Wọn á kàn rán Tàrí sí mi pẹ̀lú ẹja gbígbóná nínú bébà, wọn á ní kí n yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wò. Tàrí kì í sábà ní iṣẹ́ àṣetiléwá kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary, níbi ààlà àdúgbò wa, wọ Àpápá lọ kàwé lábẹ́ igi kan. Òpópónà ibẹ̀ gbòòrò, ó sì parọ́rọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan lọ́jọ́ kan tó ń fi rọ́bà gígùn bomi rin koríko. Kì í ṣe ẹ̀fọ́, koríko lásán ni. Mo pa ìwé mi dé, mo ń wo bí omi náà ṣe ń ṣàn wọ inú gọ́tà. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan ló wà láàárín koríko yẹn àti àwọn ìyá tó ń ja ìjà àjàkú nítorí garawa omi kan ní àdúgbò wa.

Ẹ̀rọ omi ìjọba kan ṣoṣo ni a ní, ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Kì í yọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá sì yọ, ọjọ́ ìjà ni. Mo rí ibi tí wọ́n ti fa ìró ya mọ́ ìyá ọlọ́mọ kan lára nítorí àyè. Nígbà tí wọ́n kúkú ti ń pè mí ní Tíṣà, mo ṣe bíi tíṣà. Mo kó àwọn ìyá jọ, a sì fẹnu kò lórí òfin kan: ohun èlò rẹ ni yóò máa bá ọ tò. Tí o bá ti gbé e sórí ìlà, o lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àyè rẹ kò sì gbọdọ̀ sọnù. Kò pẹ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní garawa tó ti jò tàbí korobá tó ti là nídìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ láyé kò ju kó máa tò lọ. Òfin Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ìjà tán. Inú mi dùn ju ìgbà tí mo yege ìdánwò àṣewọlé lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbẹ. Páìpù bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, a lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò wá. Ọkùnrin kan ládùúgbò tó ní táńkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi fún wa. Àwọn tí agbára wọn kò ká tirẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní ọ̀nà Àpápá, níbi tí ọlọ́dẹ kan ti máa ń ṣàánú ṣí ẹ̀rọ fún wọn láàárọ̀ Sátidé nìkan, kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé. Màmá Tàrí wà lára wọn. Wọn á padà dé, wọn á di ọrùn mú, wọn kò ní lè yí ojú sọ́tùn-ún fún odindi ọjọ́ kan.

Nítorí ẹ̀rọ yẹn ni Bàbá Múfú, àgbà kan ládùúgbò wa, fi jáde láti du ipò kánsẹ́lọ̀. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n ti ru ẹrù ní èbúté Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá wọn dúró, torí pé wọ́n ṣáájú àwọn aláàárù ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìlérí kan péré ni wọ́n ṣe: ẹ̀rọ yóò yọ. Ẹni tó ń bá wọn du ipò náà ni àbúrò onítáńkà. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ìbò yẹn jẹ́ fún wa. Bí Bàbá Múfú bá wọlé, omi dé. Bí wọn kò bá wọlé, ọrùn àwọn ìyá ni yóò máa ru ú lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ìbò ṣe ku ọ̀la, gbogbo wa pé jọ sí iwájú ilé.

"Tíṣà," Bàbá Múfú wí fún mi, "èmi mọ ẹrù, ìwọ lo mọ ìwé. Ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀la yóò ṣe rí."

Mo dìde pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n tètè dé pápá ilé ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n fi káàdì hàn kí òṣìṣẹ́ ìdìbò sàmì sí i, kí wọ́n sì tò sẹ́yìn àwòrán Bàbá Múfú. Aago mọ́kànlá ni òṣìṣẹ́ máa kà wọ́n.

Màmá Tàrí nawọ́ bí ọmọ ilé ìwé. "Tíṣà, question. Tomorrow na Sátidé. Omi ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìbò, Mà."

"Lẹ́yìn ìbò, ọlọ́dẹ ti ti ẹ̀rọ pa. Láti aago mẹ́jọ dé mọ́kànlá nínú oòrùn, kí ni mo ń ṣe? Mo ń yan ara mi bí ẹja?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dáhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. "Ẹ gbé korobá yín sórí ìlà, bí a ṣe ń ṣe nídìí ẹ̀rọ. Ẹ lọ pọnmi yín. Kí ẹ ṣáà padà dé kí aago mọ́kànlá tó lù."

"Wọn ò ní gbé e kúrò?"

"Ta ló máa gbé e kúrò? Òfin ni."

Bàbá Múfú wò mí. "Òfin ta ni, Tíṣà?"

"Òfin wa ni, Bàbá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n."

Mo rántí pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kan sí i. Wọ́n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ṣọ́ra gidigidi ní ọjọ́ tí àgbà bá dákẹ́ nítorí ìwé ọwọ́ yín.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó pẹ́. Òṣìṣẹ́ ìdìbò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òógùn ti rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, sàmì sí káàdì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán méjèèjì wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìlà tiwa gùn, ó gùn ju tiwọn lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àwọn ìyá mọ́kànlá gbé ẹrù ìtò wọn sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Àpápá lọ. Garawa tó jò wà níbẹ̀, kẹ́gì tí kò ní ìdérí wà níbẹ̀, àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀. Màmá Tàrí fi òkúta sínú korobá tiwọn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Àwa tó kù dúró láàárín wọn, ó sì dá mi lójú pé ìlà wa pé.

Kò pẹ́ tí onítáńkà fi dé. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ìlà wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń wo àwọn korobá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá ilé ìwé tó ń yẹ èékánná wò. Kò fọwọ́ kan ìkankan. Ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìdìbò, ó sọ nǹkan sí i létí. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ kò tíì lù dáadáa nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fun fèrè.

Mo lọ bá a. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, aago mọ́kànlá ni ẹ sọ fún wa."

"Ìlà ti dúró. Tí ìlà bá ti dúró, kí n máa kà ni wọ́n wí."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Kò dáhùn ìyẹn. "Àǹtí, ẹ padà sí àyè yín."

Mo nawọ́ sí àwọn korobá. "Àwọn wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sàmì sí káàdì wọn. Wọ́n ń bọ̀ báyìí."

"Orí ènìyàn ni mo ń kà. Mi ò ka korobá."

Ẹnì kan ké láti orí ìlà kejì pé, "Tíṣà, kẹ́gì yẹn ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún?" Òmíràn ní, "Bi garawa yẹn bóyá ó ní káàdì." Ẹ̀rín gba gbogbo pápá. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Òfin tí mo ṣe ní ìpẹ̀kun òpópónà kan, mo ti gbé e wá sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti búra fún un.

Mo sáré. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Múfú lẹ́yìn mi: "Tíṣà, dúró sórí ìlà." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò dúró.

Mo pàdé wọn nítòsí Boundary, wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, omi wà lórí kálukú wọn. "Wọ́n ti ń kà," ni gbogbo ohun tí mo lè sọ. Àwọn kan da omi wọn sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n sì ń sáré. Màmá Tàrí kò dà á. Wọ́n fi ọwọ́ kan di korobá mú lórí, wọ́n ń sáré pẹ̀lú rẹ̀, omi sì ń ta sí wọn lójú àti léjìká.

Nígbà tí a dé pápá, wọ́n ti kà tán. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù wá lọ. Àwọn ìyá jẹ́ mọ́kànlá. Èmi náà ni ẹnì kejìlá, torí pé mo ti kúrò lórí ìlà.

Màmá Tàrí rin lọ bá òṣìṣẹ́ náà, omi ṣì wà lórí wọn. Wọ́n na káàdì sí i. "Ìwọ lo sàmì sí i láàárọ̀. Wo ojú mi. You don forget me?"

"Mi ò gbàgbé yín, Mà," ó wí. Kò lè gbójú sókè. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń ṣa òkúta. Bàbá Múfú dúró sí àárín wọn. "Ẹ jù ú sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa nìyí, fèrèsé rẹ̀ kò ju méjì lọ mọ́." Ìgbà tí àwọn ènìyàn wa kò rí ẹni tí wọ́n máa bá jà, wọ́n kọjú sí mi. "Tíṣà ló pa wá," ọkùnrin alátùn-únṣe rédíò wí. "Òun àti ìwé ẹ̀." Bàbá Múfú ní, "Èmi ni mo ní kó sọ̀rọ̀. Èmi ni kí ẹ bá wí." Bàbá wọ́ bàtà wọn, wọ́n gba ilé lọ, wọn kò sì dárúkọ àṣìṣe mi sí mi létí mọ́ títí tí mo fi kúrò ní Ajégúnlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni olùyẹ̀wò máa wá wo bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, èyí tí màá fi gba ìwé ẹ̀rí. Mi ò tilẹ̀ ní omi tí màá fi fọ aṣọ tí màá wọ̀. Mo gbọ́ ìró nǹkan lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo ṣí i, Màmá Tàrí ń gbé ààbọ̀ korobá omi kalẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Mà. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ lánàá…"

"Fọṣọ," wọ́n wí. "Omi yìí ti jẹ ìbò mi. Má fi ṣòfò."

Wọ́n padà sí yàrá wọn. N kò rí àyè bẹ̀ wọ́n mọ́, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń rán mi níṣẹ́.

A kọ ìwé ẹ̀sùn. Èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá Múfú àti èmi jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nígbà tí wọ́n ń kà, ṣé àwọn obìnrin yìí wà lórí ìlà, àbí wọn kò sí?" Mo ní wọn kò sí. Ó dá ìwé wa padà. Kò bi wá ní ìdí tí wọ́n fi kà á kí àsìkò tó tó. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní rí ibi wọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwe yẹn tan yín jẹ: alángbá ṣì jẹ́ alángbá. Mo lanu, wọ́n wọlé. Ẹ̀bi méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Kí ni a pàdánù? Àbúrò onítáńkà di kánsẹ́lọ̀, ẹ̀rọ sì gbẹ títí di ìgbà tí àwọn ológun mìíràn gbàjọba, tí wọ́n tú gbogbo kánsẹ́lọ̀ ká, òun náà àti àwọn tó dára. Ó lé ní ọdún méjì tí Màmá Tàrí tún fi ru omi. Kí ni a jèrè? Àwọn ìyá mọ́kànlá yẹn kò dúró de kánsẹ́lọ̀ kankan mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì omi ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọn kò pariwo, wọn kò sì fi ohunkóhun dúró fún ara wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń jókòó sórí ẹní níbẹ̀, títí ó fi sú ẹnjiníà, tó wá wa ilẹ̀, tó tún páìpù ṣe. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí omi yọ. Ìjọba ti rán mi lọ kọ́ ọmọ ní ibòmíràn. Ohun tó ṣì kù ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò dáhùn: ta ló ní kó kà á kí àsìkò tó tó? Ní gbogbo ìbò tí mo ti dì láti ìgbà náà, mo ṣì ń rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí òṣìṣẹ́ létí.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àpápá. Tàrí ni. Nọ́ọ̀sì ni báyìí. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ti sùn, pé ìlú wọn létí odò ni wọ́n sin wọ́n sí.

"Wọn kì í jẹ́ kí a gbàgbé yín, Mà," ó wí. "Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé nínú gbogbo oníwèé tó gbé Ajégúnlẹ̀, Tíṣà nìkan ló fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà nítorí àwọn."

Mo lanu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi lé ròrò sí i lójú. Mo ní, "Màmá rẹ ṣeun púpọ̀ fún mi."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tún àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ ṣe, mi ò sì rántí òmíràn tí mo rí tí mo fi sílẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí Tàrí sọ yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni mo tún un ṣe fún. Òótọ́ ni pé Tíṣà fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wọn. Ṣùgbọ́n Tíṣà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúrò ní àyè tiwọn.